Ìbéèrè Yín: Pọ́ǹpù Ọwọ́ Wo Ni Kí N Rà fún Kẹ̀kẹ́ Mi?

Láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti di ohun tí ń dẹ́rù bani ni lẹ́tà nípa kẹ̀kẹ́ ológeere ti ń pọ̀ sí i lórí tábìlì wa. Mẹ́rin nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí dá lórí pọ́ǹpù ọwọ́, ìyẹn kékeré tí ènìyàn lè fi sínú báàgì tàbí kí ó so mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Òun nìkan ni a óò jíròrò lé lórí lónìí.

Ìbéèrè kìíní

Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn láti Mọ́níyà lọ sí ẹnu iṣẹ́ ní Òjòó. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni, táyà rẹ̀ sanra, wọ́n sì kọ 26 × 2.10 sí i lára. Lóṣù tó kọjá, táyà ẹ̀yìn jò mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí kò sí fọkanáísà nítòsí, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Mo wá ra pọ́ǹpù kékeré kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dán an wò nílé, mo tì í títí apá fi ń ro mí, táyà kò sì le. Ẹni tó tà á fún mi ní gẹ́éjì rẹ̀ lè dé 120. Ṣé èmi ni n kò lágbára ni, àbí wọ́n rẹ́ mi jẹ? — Olùkọ́, Ìbàdàn

Èsì

Ẹ kú ìrọ́jú o, olùkọ́ wa. Apá yín kò ṣe nǹkan kan, ẹni tó tajà fún yín kò sì parọ́. Pọ́ǹpù náà lè dé 120 psi lóòótọ́ (psi ni gẹ́éjì fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó), àmọ́ táyà yín kò fẹ́ ju bíi 40 lọ. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni táyà tó sanra ń wá, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó le koko. Pọ́ǹpù tó yẹ ẹlòmíràn ni wọ́n tà fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, olùkọ́ kò kúkú ní sá fún ìṣirò. Àyè inú táyà 26 × 2.10 lé díẹ̀ ní lítà mẹ́rin. Kí ó tó le dé 40 ní gẹ́éjì, a ní láti ki afẹ́fẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 12 mọ́ inú àyè yẹn. Ẹ wá wo inú pọ́ǹpù. Tí ihò rẹ̀ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì láti etí kan sí èkejì, tí ó sì ń rin sẹ̀ǹtímítà 15 nígbàkigbà tí ẹ bá tì í wọlé, mìlílítà 47 péré ni ó ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín lítà 12 sí i, ẹ óò rí i pé yóò tó ìgbà 250 tí ẹ óò tì í, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ kankan kò bá sọnù lójú ọ̀nà; bẹ́ẹ̀ ó máa ń sọnù, nítorí náà ẹ fojú bu 300. Ṣùgbọ́n tí ihò náà bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, mìlílítà 106 ni yóò máa gbé lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ náà yóò sì wá sílẹ̀ sí nǹkan bí ìgbà 110, kí a sọ pé 130 tàbí 140 tí a bá ro ti èyí tó sọnù mọ́ ọn. Sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ wọn, àmọ́ ó gbé ìdajì làálàá kúrò lórí apá yín.

Ẹ lè wá bi mí pé, kí ló dé tí wọn kò fi ṣe gbogbo pọ́ǹpù ní oníhò ńlá? Ìdí ni pé bí ihò bá ti fẹ̀ tó ni afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe ń ti ọwọ́ ẹni padà tó. Lórí pọ́ǹpù oníhò sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, tí táyà bá ti dé 40, agbára tí ẹ óò fi tì í kò ju ti ẹrù 20 kílò lọ, àgbàlagbà tó fi ògiri tì ẹ̀yìn lè ṣe é láìmikanlẹ̀. Ẹ gbé pọ́ǹpù kan náà lọ sórí táyà kẹ̀kẹ́ eré ìje tó ń fẹ́ 100, ó di 50 kílò, ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì kan odidi, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tì í. Oníhò sẹ̀ǹtímítà méjì kò ní béèrè ju bíi 22 kílò lọ ní 100 yẹn. Torí oníkẹ̀kẹ́ eré ìje orí títì ni wọ́n ṣe ṣe èyí tó tín-ínrín, torí àwa tí táyà wa ń fọ́ òkúta sí ọ̀tún àti òsì ni wọ́n ṣe ṣe èyí tó sanra. Iye gẹ́éjì tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ara páálí kò sọ èyí tó yẹ ẹnikẹ́ni. Èmi kì í tilẹ̀ kà á mọ́.

Nítorí náà, ẹ wá èyí tí ihò inú rẹ̀ súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, tó sì gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Àwọn tó kéré ju ìyẹn lọ wuyì lọ́wọ́, wọ́n ń wọ àpò ṣòkòtò, àmọ́ bí ọ̀nà tí ó ń rìn bá ti kúrú sí ni iye ìgbà tí ẹ óò tì í ń pọ̀ sí i. Tí wọn kò bá kọ ìbú ihò rẹ̀ sí páálí, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tú ìdérí orí rẹ̀, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ tú u, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa ìdìmú rẹ̀ dé òpin, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde pinpin, kí ẹ wá tì í wọlé, kí ẹ sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi ka ení dé ẹẹ́wàá. Pọ́ǹpù gidi yóò máa ta ọwọ́ yín padà bí ìgbà tí a tẹ ìrọ̀rí fóòmù tuntun. Tí ó bá ń rọra wọlé lọ, tí ẹ sì ń gbọ́ "ṣìì" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdìmú, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde nìyẹn, bí ó ṣe wù kí ó máa dán tó.

Ohun kan kù tí n kò lè fojú fò: ẹ ra èyí tó ní okùn rọ́bà kékeré láàárín pọ́ǹpù àti ẹnu táyà. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ẹnu táyà tààrà, tó fi jẹ́ pé gbogbo bí ọwọ́ ṣe ń mì ni fáàfù náà ń mì. Ojú mi ti rí i. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìsẹ́yìn, mo tẹ ọ̀kan bẹ́ẹ̀ mọ́ táyà iwájú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kàn dín díẹ̀, mo ń tì í bí ẹni ń gúnyán. Kí n tó tì í tó ogójì, afẹ́fẹ́ tú jáde. Fáàfù ti ya níbi tó ti lẹ̀ mọ́ túúbù, ibẹ̀ yẹn sì ni ibì kan tí lílẹ̀ kì í mú. Túúbù tí kò jò tẹ́lẹ̀ ni o! Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ra èyí tí kò ní okùn mọ́. Tí ó bá di dandan kí ẹ lo irú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ òsì gbá ẹnu pọ́ǹpù àti táyà mú pọ̀, kí àtàǹpàkò yín wà lẹ́yìn táyà, kí ọwọ́ ọ̀tún nìkan máa lọ, kí ó máa bọ̀.

Ní ti iye tí táyà yín yẹ kí ó gbé, wọ́n kọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá sí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún irú táyà yẹn, láàárín 35 sí 50 dára, kí ti ẹ̀yìn fi díẹ̀ ju ti iwájú lọ nítorí ibẹ̀ ni ìwúwo ènìyàn ń lọ.

Ìbéèrè kejì

Olóòtú wa, mo kí yín o. Àgbẹ̀ ni mí ní Ṣakí. Raleigh tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń lọ sí oko, ó ṣì le bí irin. Pọ́ǹpù tó bá a wá ti sọnù tipẹ́. Mo ra tuntun, kò wọ ẹnu táyà rẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, ẹnu ẹ̀rọ tirẹ̀ náà kò bá a mu. Kí ni kí n ṣe? — Ọmọ Àgbẹ̀, Ṣakí

Èsì

Ẹ kú oko o, bàbá. Ẹnu táyà ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́. Èkíní ni Schrader, òun ni ti mọ́tò àti ọ̀kadà: ó sanra láti ìsàlẹ̀ dókè, abẹ́rẹ́ irin kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀ tí èékánná lè tẹ̀. Òun nìkan ni ẹnu ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ fọkanáísà mọ̀. Èkejì ni Presta, tí àwọn kan ń pè ní ti Faransé: tín-ínrín gbọọrọ, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wínníwínní lórí tí a ní láti tú kí afẹ́fẹ́ tó lè wọlé. Ẹ̀kẹta ni ti kẹ̀kẹ́ yín, tí wọ́n ń pè ní Dunlop tàbí Woods: ìsàlẹ̀ rẹ̀ sanra, orí rẹ̀ tín-ínrín, nọ́ọ̀tì kan sì yí i ká láàárín tó di ọmọ inú rẹ̀ mú. Dunlop tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é náà ni dókítà ẹranko tó fi táyà onífẹ́ẹ́fẹ́ sí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Belfast, tó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní ọdún 1888.

Ojútùú yín kò le. Pọ́ǹpù tí a ṣe fún Presta máa ń wọ ẹnu Dunlop, nítorí orí méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara lọ. Ẹ wá pọ́ǹpù tí wọ́n sọ pé ó gba Schrader àti Presta, èyí tó ní ihò méjì lẹ́nu tàbí tí a lè tú ẹnu rẹ̀ yí padà, kí ẹ sì lo apá Presta. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ lọ sí ọjà, kí ẹ dán an wò níbẹ̀. Ìtàn ọlọ́jà kò tó ẹ̀rí. Tí ẹ bá rí pọ́ǹpù àtijọ́ gígùn tí wọ́n ń há mọ́ férémù, tó ní okùn kékeré tí a ń tọ́jú sínú ìdìmú, òun gan-an ni wọ́n ṣe fún irú kẹ̀kẹ́ yín, kò sì sí ohun tó burú nínú kí ẹ rà á ní àlòkù.

Kí ẹ tó dá pọ́ǹpù tuntun lẹ́bi, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó wà ní ẹnu táyà, ẹ fa ọmọ inú rẹ̀ jáde. Ẹ óò rí rọ́bà kékeré kan tó wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀sẹ̀. Afẹ́fẹ́ ní láti fi agbára gbé rọ́bà yìí kí ó tó wọlé, òun náà ni kì í jẹ́ kí ó padà jáde. Bí ó bá ti gan tàbí tó ti lẹ̀ mọ́ irin, títì yóò le bí òkúta; bí ó bá ti ya, táyà yóò máa rọ̀ di òwúrọ̀ láìsí ihò kankan lára túúbù. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ ra bíi mẹ́ta, kí ẹ fi méjì pamọ́. Nítorí rọ́bà yìí kan náà, ẹ má gbára lé gẹ́éjì ara pọ́ǹpù lórí irú fáàfù yìí, torí agbára tó fi ń ṣí rọ́bà ni ó ń kà mọ́ ti táyà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ táyà bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Presta tí ẹ sì ń gbé ní ìlú tí fọkanáísà pọ̀ sí, bàbà kékeré kan wà tí a ń yí mọ́ orí rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di Schrader. Ẹ ní ọ̀kan lápò. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ fọkanáísà kí ó máa fi ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fìrí-fìrí ni, nítorí àyè inú táyà kẹ̀kẹ́ kéré púpọ̀ sí ti mọ́tò, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ti tó láti bẹ́ ẹ. Kí ẹ wá fi pọ́ǹpù ọwọ́ yín parí rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta

Ẹ ǹlẹ́ o, Olóòtú. Peckham ní Lọ́ńdọ́nù ni mo ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe. Kẹ̀kẹ́ mi ń lo táyà 700 × 28, oníPresta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu pẹ̀lú pọ́ǹpù, pé kí n ra àgé gáàsì kékeré tó ń fẹ́ táyà lójú ẹsẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i? — Òṣìṣẹ́ Alẹ́, Lọ́ńdọ́nù

Èsì

Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́, ẹ kú òtútù. Àgé náà ń ṣiṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Kàbọ́ńdáyọ́ksáìdì ni wọ́n rọ sínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ gíráàmù 16 sì máa ń tó táyà bíi tiyín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn gan-an ni n kò fẹ́. Tí ọwọ́ yín bá yẹ̀ nínú òkùnkùn tí gáàsì sì fò lọ, tàbí tí ẹ kò rí gíláàsì tó ṣì há mọ́ inú táyà, ilé di ẹsẹ̀ rírìn láago mẹ́ta òru. Irin rẹ̀ tún máa ń tutù débi pé ó lè lẹ̀ mọ́ awọ ọwọ́, gáàsì náà sì ń yára gba ara rọ́bà túúbù jáde ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, tó fi jẹ́ pé ẹ óò tún táyà náà fẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ lè mú un dání kí ọ̀nà lè yá, ṣùgbọ́n kí pọ́ǹpù ọwọ́ wà níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí mo fún olùkọ́ wa yí padà fún ẹ̀yin. Àyè inú táyà yín lé díẹ̀ ní lítà kan péré, àmọ́ ó ń fẹ́ bíi 80 ní gẹ́éjì, nítorí náà oníhò tín-ínrín, sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí èyí tó lé díẹ̀, ni ó bá yín mu. Ẹ óò tì í tó ìgbà 150 sí 200. Ara rẹ̀ yóò gbóná lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ti ń lọ, ẹ má bẹ̀rù, afẹ́fẹ́ tí a ń fún pọ̀ ni ó ń gbóná bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn alumíníọ̀mù ju ike lọ fún táyà líle.

Tí okùn rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí a ń yí mọ́ ẹnu táyà, ẹ ṣọ́ra. Ó máa ń tú ọmọ inú Presta bọ́ síta nígbà tí ẹ bá ń yí i kúrò, gbogbo 80 tí ẹ fi òógùn wá yóò sì bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi páláyà kékeré fún ọmọ inú yẹn le nílé kí ọjọ́ náà tó dé. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ, ẹ tú nọ́ọ̀tì wínníwínní orí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó fọn díẹ̀, torí ó máa ń lẹ̀ pa.

Ti pọ́ǹpù oníbátìrì tí wọ́n ń polówó kiri báyìí, ó dára fún ẹni tó ń rántí fi iná sí i.

Ìbéèrè kẹrin

Pọ́ǹpù mi ti pẹ́ díẹ̀. Ó ń wọlé ó ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí, afẹ́fẹ́ kò sì wọ táyà. Ṣé kí n ra òmíràn ni? — Abẹ́òkúta

Èsì

Ẹ má tíì rà. Ẹ tú ìdérí orí rẹ̀, ẹ fa irin inú rẹ̀ jáde. Bí awọ ni ó wà ní ìdí irin náà, tó rí bí ife kékeré, ó ti gbẹ ni, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku ń wọ ibi gbogbo. Ẹ nu eruku rẹ̀ kúrò, ẹ kan òróró máṣíìnì díẹ̀ sí i, ẹ máa fi ìka rọra pọ́n ọn títí yóò fi rọ̀, kí ẹ fa etí rẹ̀ síta kí ó lè máa fara kan ògiri inú pọ́ǹpù yíká. Bí rọ́bà roboto ni, gíríìsì díẹ̀ ti tó. Bí ó bá ti sán, òun nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó ń jẹ rọ́bà. Nígbà tí ẹ bá ń dá aláwọ padà sínú rẹ̀, kí ẹnu ife náà kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lọ sí táyà. Bí ẹ bá yí i sódì, ẹ óò máa tì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.